Ìmàdò Tó Jẹ Pánla Mi ní Ótsù

Fíláàtì 27, Àjà Kẹta,
Peckham,
Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Karùn-ún, 2025.

Olúbáyọ̀ mi ọ̀wọ́n, ẹni tí a jọ máa ń pín apá adìyẹ kan ṣoṣo sí méjì ní Rye Lane,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Òjò Ìlá ńkọ́? Ẹ̀wà ilé oúnjẹ yín ńkọ́, èyí tó o ní kòkòrò inú rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀wà lọ? Ṣé sẹ́níọ̀ tó máa ń fi ìgbátí jí yín láàárọ̀ ti sinmi díẹ̀? Mo ń bá ọ gbàdúrà pé kí ọwọ́ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

Gbogbo ilé wa ń kí ọ. Mọ́mì mi ní kí n béèrè bóyá o ti sanra. Hameedah àbúrò mi ní kí n sọ fún ọ pé òun ti ga jù mí lọ. Irọ́ ni, irun orí rẹ̀ ló gbé sókè. Dádì rẹ náà wà, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wọn gan-an ni mo fi jókòó kọ ìwé yìí. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà rẹ ti mú ìtàn kan wá bá ọ lọ́jọ́ àbẹ̀wò: pé ìmàdò já lu wá ní Jàpáànù, pé ó ya Dádì rẹ nítan, àti pé èmi Roqeeb ni mo fi ọwọ́ lásán bá a jà títí ó fi fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹnu mi ni ìtàn yẹn ti jáde. Mo fẹ́ kó o gbọ́ bó ṣe rí gan-an, kó o sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ tìrẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bó o bá kà á tán tó o fẹ́ lù mí, o mọ ilé wa.

Oṣù tó kọjá ni Dádì rẹ kó àwa mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ júdò lọ sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ótsù. Báyọ̀, ìlú yẹn há! Adágún omi wà níwájú, òkè onígbó wà lẹ́yìn, ìlú wá há sáàárín bí ẹran tí wọ́n fi sáàárín búrẹ́dì. Adágún náà, Bíwà lorúkọ rẹ̀, tóbi débi pé bí wọ́n bá ju Peckham, Camberwell àti Elephant sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹja kan á kàn sún díẹ̀ fún wa ni. Igbó orí òkè ńkọ́? Dúdú bíríbírí! Igi dúró tira bí èrò tó ń wo ọ̀nà bọ́ọ̀sì ní Camberwell Green. Láàárọ̀, ìkùukùu máa ń ti inú igbó náà sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi adágún. Mo mọ̀ pé ìkùukùu kì í mu omi, ṣùgbọ́n o ò sí níbẹ̀, gba ohun tí mo bá sọ.

Ilé ìwé àtijọ́ kan ni wọ́n fi wá wọ̀ sí, níbi tí ilé ti parí tí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Kitaoka ló ń tọ́jú ibẹ̀, òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní júdò. Láti ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn dé inú igbó, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ.

Bàbá yìí ní ọmọ-ọmọ kan, Chinatsu, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná. Òun ni wọ́n ní kí n bá jà lọ́jọ́ kìíní. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí àwọn ará wa bá mi bẹ ọmọ náà kó má sunkún. Ó tẹríba fún mi, ó di ọrùn aṣọ mi mú, gbàà! Òkè àjà ni mo rí. Mo dìde. Gbàà! Nígbà kẹta, mo rò pé mo ti fọgbọ́n mú un, àṣé òun ló mú mi. Ó gbé mi kọ́ èjìká bí àpò ìrẹsì, ó sì là mí mọ́lẹ̀ débi pé àwọn eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara wọn bóyá wọ́n ṣì pé. Ìgbà mọ́kànlá, Báyọ̀! Ètè mi bẹ́, imú mi ń ṣẹ̀jẹ̀, ìgbúnwọ́ mi wú tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Dádì rẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Ó dáa, Roqeeb. O ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Ó ku bí wọ́n ṣe ń dúró."

Ọjọ́ kìíní yẹn náà ni Bàbá Kitaoka kó wa lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Àpótí irin kan wà níbẹ̀, ó ga tó èmi, ó ní ìlẹ̀kùn àti àgádágodo. Bàbá ń sọ̀rọ̀, Chinatsu ń sọ ọ́ di Òyìnbó, Dádì rẹ wá là á mọ́lẹ̀ fún wa bí wọ́n ṣe máa ń ṣe:

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o. Oúnjẹ kankan ò gbọdọ̀ wọ yàrá. Bísíkíìtì o, ṣingọ́ọ̀mù o, inú àpótí yìí ni. Ẹran inú igbó yẹn ń gbóòórùn láti orí òkè. Tí oúnjẹ bá wà níta, wọ́n á wá jẹ ẹ́, wọ́n á sì bá ẹ jà lé e lórí. Ta ló ní nǹkan lọ́wọ́?"

Gbogbo wọn kó tiwọn síbẹ̀. Ó kàn mí.

"Roqeeb, ìwọ ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan lọ́wọ́ mi, Uncle."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Wàláhì, Uncle."

"Má fi Ọlọ́run ṣeré o."

Nínú àpò mi, lábẹ́ aṣọ júdò mi kejì, pánla mẹ́fà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú edé àti kúlíkúlí ìdì mẹ́rin. Mọ́mì mi ló dì í fún mi. Wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan ní mọ́sáláṣí pé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú gbogbo oúnjẹ ibẹ̀, títí kan ọbẹ̀ tó o bá rò pé ewé lásán ni. Wọ́n ní, "Ohun tó o ò bá mọ orúkọ rẹ̀, má fi kan ẹnu. Jẹ pánla rẹ. Tó bá rin, kó o tètè sá a sóòrùn, kó má baà hu." Mi ò fẹ́ kí pánla mi bá sọ́séèjì àwọn ará wa gbé inú àpótí kan náà. Àti pé, kí n sọ òótọ́, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi jẹ ẹ́.

Òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Gbogbo ilé ń sun omi. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, pánla ti rin gbindin, òórùn rẹ̀ sì ti ń bá wa sùn. Ọmọ tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n lọ fọ ẹsẹ̀ mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, oòrùn yọ. Mo ní inú ń run mí, mi ò lè wá sí ibi ìdárayá. Nígbà tí gbogbo wọn wọlé lọ, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, mo to pánla mi sórí rẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta, mo bu edé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó dára lójú! Mọ́mì mi ì bá rí i, inú wọn ì bá dùn. Òórùn rẹ̀ gba inú igbó lọ tààrà. Mo padà lọ dùbúlẹ̀.

Ó tó bí ìdajì wákàtí, mo gbọ́ nǹkan tó ń fọ́ egungun, kẹrẹ́kẹrẹ́. Mo sáré jáde. Ìmàdò kan dúró lórí ìwé ìròyìn mi. Mo ti sọ fún gbogbo Peckham pé ó tó ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó pàǹtí. Irọ́ ni. Ó tó ajá ńlá méjì tí wọ́n so pọ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ki bí ìtí igi, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dúró gan-an, eyín méjì yọ síta lẹ́nu rẹ̀, wọ́n funfun, wọ́n mú. Ó ti jẹ mẹ́rin. Ó gbójú sókè wò mí, ó ń jẹ ẹ̀karùn-ún lọ.

Gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe. Ọlọgbọ́n á rọra padà sẹ́yìn. Inú bí mi. Èmi tí mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹlẹ́dẹ̀ wá ń jẹ pánla mi! Mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ mi kan, mo jù ú, ó bà á nímú, pàá!

Mi ò tíì rí ohun tó yá báyẹn rí. Mo yí padà, mo sá, mo fò, ọwọ́ mi kan orí àpótí irin, mo gun un. Báyọ̀, orí àpótí oúnjẹ! Ibi tó yẹ kí pánla wà láti ọjọ́ kìíní ni mo sá gùn. Ìmàdò náà fi orí gbá ìlẹ̀kùn àpótí náà, gbogbo rẹ̀ mì lábẹ́ mi. Àsìkò yẹn ni Dádì rẹ yọ ní igun ilé, ife tíì gbígbóná wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń pè mí: "Roqeeb, inú ńkọ́? Mo mú tíì wá fún…"

Ìmàdò náà kọjú sí wọn. Wọn ò ráyè ju ife yẹn nù. Ó fi orí wọ abẹ́ wọn, ó gbé eyín sókè, mo gbọ́ bí aṣọ ṣe ya, mo sì gbọ́ bí ẹran ṣe ya, ohùn méjèèjì ò jọra. Dádì rẹ ṣubú. Ó padà sẹ́yìn, ó tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbá a létí méjèèjì mú nílẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni gbá ọrùn aṣọ júdò mú, wọ́n sì yí i gbirigbiri. Òun náà yí wọn. Ó là wọ́n mọ́ ògiri ilé ìdáná, ó tún là wọ́n mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ fọ́n sára ògiri títí dé ojú fèrèsé. Wọ́n ń kígbe pé, "Má sọ̀ kalẹ̀ o! Roqeeb, dúró síbẹ̀!"

Mo dúró síbẹ̀. Mi ò nílò ẹni tó máa sọ ọ́ fún mi.

Chinatsu ló sáré dé tòun ti ìgbálẹ̀ ọparun. Kò pariwo rárá. Ó fi ìgbálẹ̀ yẹn lu ìmàdò lójú títí igi fi kán sí méjì. Ó wá fi ṣóńṣó èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ gún un níhò imú. Ẹran náà han, ó fi Dádì rẹ sílẹ̀, ó gbá ọmọ náà lẹ́sẹ̀, ọmọ náà fò lọ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbé. Bàbá Kitaoka wá yọ pẹ̀lú báńgà tó ti fi iná sí, ó jù ú sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbòlà! Gbòlà! Ìmàdò náà yí, ó gbé pánla tó kù, ó sì gba inú igbó lọ tòun ti ẹja lẹ́nu. Ọlọ́run ń gbọ́, kò gbàgbé rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ̀ kalẹ̀. Itan Dádì rẹ là láti òkè orúnkún títí lọ sókè, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde ní fìì, fìì, bí ìgbà tí èèyàn bá fún ọsàn. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò lábùlà nínú: mo tú bẹ́líìtì mi, mo dì í mọ́ òkè ọgbẹ́ náà, mo ki ọ̀pá ìgbálẹ̀ tó kán bọ̀ ọ́, mo lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ fi dáwọ́ dúró, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé lẹ́yìn tí wọ́n gún ọmọ kan lọ́bẹ lábẹ́ ilé wa. Bẹ́líìtì aláwọ̀ ọsàn mi di búráùn, àwọ̀ ipò tó ga ju tèmi lọ, lójú mi láìṣe ìdánwò. Dókítà sọ pé ìdì yẹn ló mú wọn dé ilé ìwòsàn láàyè. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Bí a ṣe ń dúró de áńbúláǹsì, Bàbá Kitaoka tẹ̀ ba, ó fi ìka gbé edé kan lórí ìwé ìròyìn. Chinatsu, tí ojú rẹ̀ ti wú, béèrè lọ́wọ́ gbogbo wa pé ta ló ni oúnjẹ yìí. Mo ya ẹnu. Dádì rẹ dá a lóhùn kí n tó sọ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn ni àwọn ni ín, àwọn bẹ Bàbá pé kó má bínú. Wọ́n wá fa etí mi sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n ní:

"Pa ẹnu ẹ dé. Mọ́mì ẹ ti ra àpò tí wọ́n máa fi kó ẹ lọ sílé, ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá. Mo ti fi ọmọ kan ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Mi ò ní fi ìkejì ránṣẹ́."

Abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n fi rán itan wọn. Chinatsu, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sán, ó sì wá kí mi kó tó di pé a lọ, ó tẹríba fún mi. Fún èmi!

A dé ilé. Dádì rẹ ò lè ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn mọ́ níbi iṣẹ́ wọn ní Camberwell, wọ́n fi wọ́n sídìí tẹlifóònù. Èmi ńkọ́? Mo ń jẹ́ akọni kiri. Àwọn ọmọ tí mi ò mọ̀ láti Kennington ń bọ̀ wá wo ọwọ́ tí mo fi ja ìmàdò. Mo ń fi àpá tí Chinatsu dá sí mi lára hàn wọ́n. Wọ́n ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá lọ́jọ́ kan. Tèmi ò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Àná ni àwọn òbí ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn júdò wa. Aunty Ìbídùn ni alága. Dádì rẹ jókòó síwájú, ọ̀pá méjì tí wọ́n fi ń rìn wà lọ́wọ́ wọn. Aunty kọjú sí wọn:

"Adédèjì, ìwọ lo kó ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ìwọ lo ṣòfin. Ìwọ náà lo wá lọ sá ẹja sẹ́nu igbó?"

"Ẹ má bínú, Mà."

"Tó bá jẹ́ ọmọ mi ló gún ńkọ́? Gbé kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn yìí wá."

Dádì rẹ ki ọwọ́ bọ àpò. Wọ́n gbé e sórí tábìlì. Ó dún, kéú. O mọ kọ́kọ́rọ́ yẹn, èyí tó ní ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé tí ìwọ fi ọwọ́ ara rẹ ṣe fún wọn nígbà tá a wà ní kíláàsì kẹrin. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ni mo ń wò. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí: pánla, bàtà tí mo jù, orí àpótí. Nígbà tí mo dé ibi orí àpótí, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mọ́mì mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde níbi tí wọ́n wà lẹ́yìn.

"Nígbà tí wọ́n bi ẹ́ léèrè, kí lo sọ?"

"Mo ní kò sí nǹkan lọ́wọ́ mi, Mà."

"Kí lo fi tì í lẹ́yìn?"

Mo tẹjú mọ́ bàtà ẹsẹ̀ mi.

"O fi wàláhì tì í lẹ́yìn, àbí? Nítorí pánla!" Wọ́n jókòó, wọ́n fi ìborùn bojú. Ó sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Nígbà tó ti bàjẹ́ débẹ̀, mo wá sọ tìrẹ. Mo ní òkúta tó fọ́ gíláàsì bọ́ọ̀sì lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó bẹ́ ìyá yẹn níwájú orí tí ẹ̀jẹ̀ fi bo ojú rẹ̀, ọwọ́ mi ló ti jáde, kì í ṣe ọwọ́ Báyọ̀. Mo ní mo sá, ìwọ dúró láti di orí ìyá náà mú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú ọ. Mo ní o mọ̀ pé èmi ni, o ò sì dárúkọ mi títí wọ́n fi gbé ọ wọ ọkọ̀ òfurufú. Mo gbọ́ ìró bọ́ọ̀sì lójú títì. Mi ò lè wo ojú Dádì rẹ. Ọwọ́ wọn tó di ọ̀pá mú ni mo ń wò.

Aunty Ìbídùn fi ìka kan ti kọ́kọ́rọ́ padà síwájú Dádì rẹ. Wọ́n ní kí n má tẹ orí ẹní júdò títí di oṣù kẹsàn-án, kí n máa gbálẹ̀ gbọ̀ngàn ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lánàá yẹn náà. Mọ́mì mi náà ti gbé àpò ńlá yẹn sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù láàárọ̀ yìí. Ó wà ní pálọ̀, ó ṣófo. Bó bá jẹ́ Ìlá ni wọ́n ń gbé mi bọ̀, bá mi fi ibùsùn tó jìnnà sí sẹ́níọ̀ yẹn pamọ́.

Èmi ni mo tẹ̀ lé Dádì rẹ lọ sílé àná, mo gbé àpò wọn dání. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ti bàjẹ́, àtẹ̀gùn la gbà. Àjà kìíní, wọ́n ń fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn lọ. Àjà kejì, wọ́n dúró, wọ́n ń mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀pá yẹn là mí lórí, mo sì ti pinnu pé mi ò ní yẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní:

"Ọjọ́ wo ni ilé ìwé Báyọ̀ ń gba ìsinmi?"

Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n kọ̀wé béèrè, kí àwọn lè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyí. Kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kó o kọ ọ́ gàdàgbà, kó o fi ránṣẹ́ kíákíá. Bá mi kí ìyá àgbà rẹ. Sọ fún wọn pé mi ò ja ìmàdò kankan. Bí o ò bá fẹ́ kí mi padà, má kí mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, jọ̀wọ́, fi ránṣẹ́.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lọ ní Peckham, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró,
èmi ni,
Roqeeb.